Òǹtẹ̀ Ẹ̀yìn Ìwé Ìdìbò

Àwọn àgbà kan ṣì lè rántí ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 1959. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àpótí tirẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, igi ọ̀pẹ wà lára ti Action Group, àkùkọ sì wà lára ti N.C.N.C. Lóde òní, àpótí kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pín lò. Orí ìwé ìdìbò ni àmì wọn wà, olùdìbò yóò sì tẹ ìka sí àyè ẹgbẹ́ tí ó wù ú. Nítorí náà ni ìwé fi di ohun tí òṣìṣẹ́ ìdìbò gbọ́dọ̀ ṣọ́ bí ojú.

Alábòójútó ni olórí ní ibùdó ìdìbò, àgùnbánirọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí agogo 8:30 òwúrọ̀ tó lù, yóò ṣí àpótí sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i pé ó ṣófo, lẹ́yìn náà ni yóò dí i pa. Igbákejì rẹ̀ kan yóò fi ẹ̀rọ BVAS yẹ ìka tàbí ojú olùdìbò wò. Èkejì yóò sàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, yóò sì fi tàdáwà sí i ní ìka. Àwọn arúgbó, aláboyún àti aláàbọ̀ ara ni a ń fún láàyè ṣáájú. Afọ́jú lè mú ẹni tí ó bá fọkàn tán wá láti ràn án lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni alábòójútó yóò lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì kọ ọjọ́ sí i kí ó tó fi lé olùdìbò lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó wúwo jù. Òfin Ìdìbò sọ pé a kò gbọdọ̀ ka ìwé tí kò ní àmì àṣẹ, àfi bí ọ̀gá tí ń gba èsì bá rí ìdánilójú pé inú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí ibùdó náà ni ó ti wá. Ìyá arúgbó kan lè ti abà wá, kí ó tò láti ìdájí, kí ó sì tẹ ìka síbi tí ó yẹ gan-an. Bí ìkánjú bá mú kí alábòójútó gbàgbé òǹtẹ̀, ìyá yóò padà sílé pẹ̀lú tàdáwà ní ìka, kò sì ní mọ̀ pé ìbò òun ti wà nínú ewu.

Iye ènìyàn àti iye ìwé kò gbọdọ̀ takora pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ bá yẹ 200 ènìyàn wò, tí ìbò tí a dì sì jẹ́ 203, kì í ṣe mẹ́ta ni a ó yọ kúrò: òfin ní kí a fagi lé èsì ibùdó náà pátápátá.

Ní agogo 2:30 ọ̀sán, ẹni tí ó bá ti wà lórí ìlà yóò dìbò. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ti pẹ́. Níbẹ̀ gan-an ni a ó ti ka ìbò, ní ohùn òkè, lójú gbogbo ènìyàn. Alábòójútó tí ń kà á sínú kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Yóò kọ iye rẹ̀ sínú ìwé EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ yóò fọwọ́ sí i, àwọn àti ọlọ́pàá yóò sì gba ẹ̀dà. A ó lẹ èsì mọ́ ibùdó ìdìbò, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé ti lè kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.