Ìwé Àdéhùn Ọmọ-Iṣẹ́

Ẹ̀yin olùfẹ́ wa tí ẹ ń gba ènìyàn sí iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ń fi ẹnu lásán dá owó oṣù. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀: kí oṣù 3 tó pé, ẹ ní láti fún akọ̀wé tàbí alágbàṣe yín ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ àti iye owó rẹ̀.

Bí ẹ ó bá dá a dúró, ẹ kìlọ̀ ṣáájú. Ẹni tí kò ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ 1. Tí kò tó ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1. Tí kò tó ọdún 5, ọ̀sẹ̀ 2. A rí oníṣẹ́ ọdún 6 kan tí a lé jáde ní ìrọ̀lẹ́ láìṣẹ̀, láìfún un ní kọ́bọ̀. Ojú tì wá. Ìkìlọ̀ oṣù 1 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, tàbí owó oṣù náà.