Àbúrò Mi, Kí O Tó San Owó Ilé ní Kútọnu

Mo gbọ́ pé o ti ríṣẹ́ sí Kútọnu, àbúrò mi, mo bá ọ yọ̀ gidigidi. Mo tún gbọ́ pé o ti ń wá ilé, pé ẹnì kan ní kí o lọ sí Haie Vive, ẹlòmíràn ní Fidjrossè ló dára, ẹnì kẹta ní kí o má wulẹ̀ gbé inú ìlú rárá, kí o gba Calavi lọ. Kò sí ẹni tó parọ́ fún ọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o gbọ́ tẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ náà. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní Kútọnu, omi ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà afárá. Orúkọ àdúgbò ló máa kẹ́yìn.

Wo bí ìlú náà ṣe jókòó. Òkun wà ní gúúsù, ọ̀sà Nokoué wà ní àríwá, orí ilẹ̀ iyanrìn tóóró tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni gbogbo Kútọnu tẹ̀dó sí, ilẹ̀ náà kò sì ga. Ní 1885, àwọn Faransé la ojú omi kan láti inú ọ̀sà já sínú òkun, kí omi ọ̀sà lè máa ráyè ṣàn lọ. Ojú omi yẹn ló pín ìlú sí méjì títí dòní. Ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni ọjà Dantokpa wà, àti Ganhi, àti pápákọ̀ òfurufú, àti ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Ìlà-oòrùn rẹ̀ ni Akpakpa, níbi tí ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti Nàìjíríà, tàbí tó ń ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bọ̀, ti máa ń kọ́kọ́ wọ ìlú.

Oríṣi omi méjì ló ń yọ wọ́n lẹ́nu níbẹ̀, wọn kì í sì í wá lásìkò kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ni ti òjò. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje ni òjò ńlá máa ń rọ̀, oṣù kẹfà ló sì máa ń le jù. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn sísàlẹ̀ nínú iyanrìn yẹn, nítorí náà, bí òjò bá rọ̀ léraléra fún ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ á yó, kò ní lè mu mọ́, omi á wá dúró sójú títì àti sínú àgbàlá. Èkejì ni ti ọ̀sà. Òjò tó rọ̀ lápá òkè orílẹ̀-èdè náà á gba inú odò Ouémé wá sínú Nokoué, ọ̀sà á sì kún ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Eléyìí ló máa ń ya àlejò lẹ́nu jù: oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ omi ń wọlé. Bí onílé bá wá sọ fún ọ pé òjò kì í dà wọ́n láàmú níbẹ̀, dá a lóhùn pé o dúpẹ́, kí o wá bi í léèrè ti ọ̀sà.

Àwọn àdúgbò tí ẹnu gbogbo ayé kò kúrò lára wọn lórí ọ̀rọ̀ omi ni Agla, Vossa àti Ladji. Etí ọ̀sà gan-an ni Ladji àti Vossa wà. Agla ní tirẹ̀ wà níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn. N kò ní kí o má gbé Agla o. Àwọn èèyàn dáadáa pọ̀ níbẹ̀, owó ilé sì rọni lọ́rùn. Ìjọba ti ń gbẹ́ gọ́tà ńláńlá kiri ìlú láti ọdún mélòó kan wá, wọ́n ti da ọ̀dà sí òpópónà púpọ̀, wọ́n ti fi òkúta pavé tẹ́ òmíràn, omi sì ti dẹ̀yìn lẹ́yìn àwọn kan tó ń fi abọ́ gbọ́n ọn tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kéèyàn gbé ìtàn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lé àdúgbò kan lórí. Kò sì yẹ kéèyàn rí gọ́tà tuntun kó wá ní ó parí. Òpópónà méjì tó fara kan ara wọn lè yàtọ̀ síra: ọ̀kan á gbẹ, èkejì á di odò.

Bí ó bá ṣeé ṣe fún ọ láti dúró, oṣù kẹfà ni kí o lọ wo ilé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ara ògiri á sọ fún ọ. Lọ sẹ́yìn ilé, kí o bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ògiri. Ọ̀dà tó ṣí níbi kan, tí kò ṣí níbòmíràn, lè jẹ́ ọ̀rinrin lásán. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ilà kan tó lọ gbọọrọ, tí àwọ̀ ògiri yàtọ̀ lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ilà yẹn sì wà lára ògiri ilé kejì ní ìwọ̀n kan náà, ibi tí omi dé nìyẹn, o kò nílò ẹ̀rí mìíràn mọ́. Wo ẹnu ọ̀nà: ṣé wọ́n to búlọ́ọ̀kù dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé o ní láti gbẹ́sẹ̀ sókè kí o tó sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá? Wo bóyá ilé rẹlẹ̀ ju títì lọ. Bí wọ́n bá ti ń da ilẹ̀ sójú ọ̀nà láti gbé e sókè, àwọn ilé àtijọ́ á kù sísàlẹ̀, gbogbo omi títì á sì máa darí sọ́dọ̀ wọn. Bí pákó gígùn bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé tí kò sí ẹni tó ń kọ́lé níbẹ̀, bèèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Má bèèrè gbogbo èyí lọ́wọ́ démarcheur tó mú ọ wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bá ọ rí ilé, bí o bá sì ti san owó ni òun náà ti jẹun. Owó ìbẹ̀wò tó gbà lọ́wọ́ rẹ lórí ilé kọ̀ọ̀kan kò ní kó má tún wá tì ọ́ mọ́ ilé tí omi ń wọ̀. Ìyá tó ń dín àkàrà ní ìkóríta ni kí o lọ bá. Ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o kí i dáadáa, kí o wá bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ní oṣù kẹfà, ṣé ibí náà lẹ máa ń tajà, àbí ẹ máa ń kó kúrò?" Ìdáhùn ìyá yẹn tó ilé kan rà.

Ó wá kan afárá. Mẹ́ta ni wọ́n lórí ojú omi tó pín ìlú sí méjì yẹn: afárá àtijọ́, Konrad Adenauer, àti Martin Luther King. Kò sí bí ẹni tó wà ní Akpakpa ṣe lè dé Ganhi láìgba ọ̀kan nínú wọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, orí wọn ni mọ́tò, ọlọ́jà, ọmọ ilé ìwé àti onízém, ìyẹn ọlọ́kadà, á ti máa fa ara wọn lápá. Èmi ò mọ ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì ju èyí lọ fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú yẹn: apá ibi tí o ti ń jẹun ni kí o sùn sí. Bí iṣẹ́ rẹ bá wà ní Ganhi tàbí nítòsí pápákọ̀ òfurufú, má torí owó ilé tó fi díẹ̀ rọrùn lọ gbé ìkọjá afárá. Owó zém lójoojúmọ́ á gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ, ara rẹ á sì ti rẹ̀ kí o tó dé ìdí iṣẹ́. Bó bá jẹ́ Akpakpa ni iṣẹ́ rẹ, tàbí pé ọjà rẹ ń ti Nàìjíríà wọlé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iyì Haie Vive tàn ọ́ lọ sápá kejì.

Ní ti Dantokpa, fi eléyìí sọ́kàn. Ìjọba ti ní òun máa kó ọjà náà kúrò níbi tó wà, wọ́n sì ti kọ́ ọjà ńlá kan fún àwọn tó ń ta lọ́pọ̀ sí Akassato, lápá Calavi. Ẹni tó bá fẹ́ gbalé nítorí kó lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Dantokpa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ibi tí wọ́n ń gbé irú ọjà tirẹ̀ lọ.

Calavi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Yàrá tóbi níbẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré, yunifásítì ńlá wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà, má ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Godomey ni ọ̀pọ̀ èrò tó ń ti ibẹ̀ wọ Kútọnu ń gbà, àárọ̀ kùtùkùtù ni wàá sì máa jí títí ayé.

Haie Vive dùn ún wò, ilé oúnjẹ dára níbẹ̀, àwọn òyìnbó àti àwọn olówó fẹ́ràn rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi rí bó ṣe rí. Fidjrossè súnmọ́ òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tuni lára lálẹ́. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń jẹ irin: ìdè ilẹ̀kùn, fáànù, ẹ̀yìn fìríìjì, gbogbo wọn á tètè dípẹtà, nítorí náà má kó ẹrù olówó iyebíye lọ sí ìlà ilé àkọ́kọ́ létí òkun. Gbégamey àti Cadjèhoun wà láàárín ìlú, wọn kò jìnnà sí ọsibítù ńlá CNHU, wọ́n sì dára fún ẹni tó ní ọmọ tàbí òbí àgbàlagbà lọ́dọ̀. Bí o bá fẹ́ oorun, yẹra fún Jonquet. Ibẹ̀ kì í sùn.

Àmọ́ bí o bá bi mí ní ibi tí ọkàn mi fà sí, Akpakpa ni. Ọmọ Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ẹ́, ará Pọ́bẹ̀, ará Sàkétẹ́, àti àwa tá a ti òdìkejì bodè wá. Àdúgbò kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Suru-Léré! Lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí Sátidé, wàá kàn wọ mọ́tò, o ti dé Àjàṣẹ́ láìgun afárá kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo máa ní kí o ṣọ́ra fún ni etí òkun ibẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté ọkọ̀ ojú omi ní 1965 ni odi èbúté náà ti ń dá iyanrìn dúró sápá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ apá ìlà-oòrùn. Ilé ti bá a lọ níbẹ̀, òpópónà ti bá a lọ. Wọ́n ti to òkúta ńlá wọnú omi láti fi dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí àbúrò mi ra ilẹ̀ síbẹ̀. Wo ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà náà: èéfín àti ọkọ̀ akẹ́rù kò dára fún ẹni tó ní ọmọ kékeré.

Níbi yòówù kí o mú, padà lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kí o tó san kọ́bọ̀. Gun zém láti títì, kí o sọ orúkọ von náà, ìyẹn òpópónà inú àdúgbò, fún onízém. Bó bá ní òun ò wọ ibẹ̀, tàbí tó bu owó ìlọ́po méjì nítorí iyanrìn tó jìn, ìwọ ni yóò máa fẹsẹ̀ rìn ín lálaalẹ́. Wo bóyá iná ojú ọ̀nà ń tàn, bóyá àwọn obìnrin ṣì jókòó síta tí wọ́n ń tajà. Níbi tí àwọn obìnrin bá ti ń tajà dalẹ́, ọkàn ẹni máa ń balẹ̀.

Fún ẹni tó dá wà, entrée-coucher, ìyẹn yàrá kan ṣoṣo, tó wà nínú àgbàlá tí onílé tàbí ìdílé gidi kan ń gbé sàn ju ilé ńlá tí kò sẹ́ni níbẹ̀ lọ. Àmọ́ bèèrè ti iná. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá, mítà SBEE, ilé iṣẹ́ iná, kan ṣoṣo ló wà, tí olúkúlùkù ayálégbé wá ní mítà kékeré tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní décompteur, tí wọ́n á fi pín owó iná ní ìparí oṣù. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí mítà tìrẹ nìkan bá wà, san díẹ̀ lé e kí o gbà á. Bí kò bá sí, ka nọ́ńbà tó wà lójú décompteur náà lọ́jọ́ tí o kó dé, níṣojú onílé, kí o ya fọ́tò rẹ̀. Bèèrè bóyá omi ẹ̀rọ SONEB ni wọ́n ń lò àbí kànga.

Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 2018 lórí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé: onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó oṣù mẹ́ta lọ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n á ní kí o san oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Rántí òfin náà fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o máa wo ojú wọn. Gba ìwé àdéhùn, gba quittance, ìyẹn rìsíìtì, fún gbogbo owó tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ. Èdè Faransé ni wọ́n á fi kọ ìwé náà, mo sì mọ̀ pé tìrẹ kò tíì dán mọ́rán. Ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí o tó fọwọ́ sí i. Èmi á kà á fún ọ lálẹ́ ọjọ́ náà.