Bí A Ṣe Ń Fọ Ojú Ẹ̀rọ Orin Àtijọ́ Láì Pa Lẹ́tà Rẹ̀ Rẹ́



Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ohun kan tí ó wà ní gbọ̀ngàn ìpàdé wa, tí ó sì wà ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín: ẹ̀rọ orin àtijọ́, àwọn tí ojú wọn ń dán bí fàdákà. Nígbà tí owó Údójì jáde ní ọdún 1975, tí òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹlòmíràn ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra Pioneer, Sansui tàbí Marantz. Ohùn púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ṣì dára títí di òní. Ọwọ́ àwa tí a fẹ́ fọ̀ wọ́n ni ó ń bà wọ́n lójú jẹ́.

A kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Àwa gan-an ni a kọ́kọ́ jẹ̀bi. Nígbà tí ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ku ọ̀la, a rí i pé èéfín àti ọ̀rá ọwọ́ ti bo ojú ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ fi ń gbé ohùn sókè. A ta bẹntiróòlù sí àkísà, a fi nù ún. Àkísà dúdú, inú wa dùn pé ìdọ̀tí ń jáde. Àṣé lẹ́tà ni. Ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí a ń yí fún ohùn àti ibi tí a ń yí fún báàsì. Bí alága ti la ẹnu báyìí, ẹ̀rọ ké bí ajá tí a tẹ̀ nírù, àwọn àgbà tí ó wà níwájú sì di etí.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí wọ́n ti ṣe ojú ẹ̀rọ náà. Alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ ni. Wọ́n ha á láti òsì sí ọ̀tún títí ó fi ní ìlà wẹ́wẹ́ bí irun. Wọ́n rì í sínú ásíìdì, wọ́n fi iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá, awọ líle tín-ín-rín kan sì hù bò ó. Lórí awọ yìí ni wọ́n máa ń fi yíǹkì tẹ lẹ́tà sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí ara ṣẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, orí ibì kan náà ni lẹ́tà àti ìdọ̀tí jọ jókòó sí, ohun tí ó bá sì lágbára tó láti tú ọ̀rá ogún ọdún lẹ́ẹ̀kan náà lè tú yíǹkì pẹ̀lú. Ìdọ̀tí lè dúró di ọ̀la. Lẹ́tà tí ó bá lọ kì í padà.

Ẹ má ṣe lo bẹntiróòlù, tínà, sípíríìtì, tàbí omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná. Sáǹpépà àti kànrìnkàn onírin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ohun tí a fi ń dán idẹ yóò họ awọ líle náà kúrò, ojú kan yóò máa kọ mànà, ìyókù yóò ṣú. Àwọn ìyá wa yóò béèrè pé, ọṣẹ dúdú ńkọ́? Omi eérú ni a fi ń sè é, alumíníọ̀mù kò sì fẹ́ràn eérú. Ẹni tí ó bá ti fi omi eérú fọ ìkòkò alumíníọ̀mù rí mọ bí ó ti ń ṣú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Ẹ má ṣe tú inú rẹ̀, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ fa àwọn bọ́tìnì tí a ń yí jáde, kì í ṣe píláyà. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá síkúrù kékeré wà níbẹ̀. Ẹ ya àwòrán ibi tí olúkúlùkù wà sórí ìwé. Ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi ọṣẹ fọ àwọn bọ́tìnì náà.

Ní ti ojú ẹ̀rọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀ kúrò ná, nítorí eruku tí ó bá wà lábẹ́ àkísà tútù á máa ha nǹkan. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ rẹ síńgílẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbó sínú rẹ̀, ẹ fún un dáadáa títí kò fi ní kán mọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ìpẹ̀kun lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ẹ sì wo aṣọ náà. Bí ó bá gba àwọ̀ lẹ́tà, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ fọ àyíká lẹ́tà nìkan. Bí kò bá gbà á, ẹ máa nù ún láti òsì sí ọ̀tún bí ìlà rẹ̀ ti lọ. Ẹ má ṣe yí ọwọ́ po. Ibi tí ó bá le, ẹ tẹ́ aṣọ tútù lé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún nù ún. Ẹ fi aṣọ mìíràn tí ó ní omi lásán nù ún, kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀.

Gíláàsì rédíò yàtọ̀. Ẹ rántí àwọn rédíò ńlá àwọn bàbá wa tí a ti ń ka Lọ́ńdọ̀nù, Paris àti Hilversum lójú gíláàsì. Nínú púpọ̀ wọn, ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n kọ orúkọ wọ̀nyí sí. Iwájú nìkan ni kí ẹ nù. Ẹ̀yìn, ẹ má fi aṣọ kàn án, ìbáà gbẹ. Àwọn kan wà tí yíǹkì wọn ń ṣí bí èépá.

Bí lẹ́tà bá ti lọ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ ẹ wọ inú irin ni, ìrètí wà. Ẹ fi ọ̀dà kún ojú ihò náà, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí dì, kí ẹ wá fi aṣọ tí a wé mọ́ páálí líle nu èyí tí ó wà lókè kúrò. Èyí tí ó wà nínú ihò yóò dúró. Ṣùgbọ́n bí ojú irin náà bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, àfi kí a tún un kọ. Lójú ẹ̀rọ tiwa, bébà tí akápò gé, tí ó fi báírò kọ “Ohùn” sí, tí ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ni ó wà níbẹ̀ títí di òní.