Kí A Tó Tẹ̀ka sí Ìwé Oníṣègùn

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ìyá ni òwe yìí ń yìn, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù tó bá gbé ìwé ka iwájú ìyá ọmọ ní ọsibítù pé kó fọwọ́ sí i. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń jó bí iná kò ráyè ìwé kíkà. Ibi tí wọ́n bá nàka sí ni yóò tẹ̀ka sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kano lọ́dún 1996.

Àìsàn yírùnyírùn, èyí tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ, tó ń mú kí ọrùn gan, ló jà káàkiri òkè Ọya lọ́dún náà. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 10,000. Ọsibítù ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn tó ń ràn ní Kano kún àkúnya. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ Médecins Sans Frontières ti wà níbẹ̀, wọ́n ń gún àwọn aláìsàn ní chloramphenicol, oògùn tí kò wọ́n, tí gbogbo ayé sì ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú oṣù kẹrin ni àwọn òṣìṣẹ́ Pfizer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, dé láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú oògùn tuntun tí wọ́n ń pè ní Trovan. Wọ́n ṣa nǹkan bí 200 ọmọ jọ. Wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì yòókù ní ceftriaxone, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ọmọ 11 ló kú: 5 nínú àwọn tó lo Trovan, 6 nínú àwọn tó lo èkejì. Nínú àwọn tó yè, òmíràn di adití, òmíràn fọ́jú.

Pfizer ní àrùn náà ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oògùn àwọn, àti pé àwọn òbí fẹnu gbà kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti oògùn, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Yírùnyírùn nìkan tó láti pa ọmọ, ó sì tó láti sọ ọmọ di adití. Ibi tó ká mi lára ni ti ìbéèrè tí wọn kò bi àwọn òbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìwádìí ni, tàbí pé ìtọ́jú mìíràn wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà kan náà. Lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ náà sì fi hàn pé ìgbìmọ̀ ọsibítù ti fọwọ́ sí ìwádìí ọ̀hún kò dúró lójú ìwádìí àwọn oníròyìn Washington Post lọ́dún 2000: lọ́jọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn, ọsibítù náà kò tíì ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Lọ́dún 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ọ̀rọ̀ Kano, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún márùn-ún dín lógún ti kọjá lórí ọmọ tí wọ́n sin.

Ṣùgbọ́n gbèsè náà kò tán síbẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Lọ́dún 2003, Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró fún nǹkan bí ọdún kan. Àhesọ àti òṣèlú wà nínú rẹ̀, àmọ́ ìrántí Trovan wà lára ohun tí àhesọ rí jẹ. Àrùn náà gbéra láti ọ̀dọ̀ wa, ó padà sí àwọn ilẹ̀ tó ti kúrò. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́dún 1996 ló fi ẹsẹ̀ wọn san gbèsè yẹn. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń lo ọ̀rọ̀ Kano láti fi kọ àjẹsára: ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àjẹsára tí nọ́ọ̀sì ń fún ọmọ ní ilé ìlera àdúgbò ti kọjá ìdánwò. Èyí tí wọ́n ṣì ń dán wò ló yẹ ká béèrè ọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gùn: "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ṣé ìtọ́jú lèyí, àbí ìwádìí?" Bó bá jẹ́ ìwádìí, ẹ bèèrè ìtọ́jú tí wọn ìbá fún yín ká ní ẹ kọ̀, ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké yan ẹni tí yóò gba oògùn tuntun. Òfin ìlera tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2014 ti sọ ọ́ gbangba pé kò sẹ́ni tó lè fi èèyàn ṣe ìwádìí láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀ lórí ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wá àti ewu tó lè tibẹ̀ jáde.

Ẹ wo ìwé náà dáadáa. Ó yẹ kí orúkọ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àṣẹ, déètì, àti fóònù ẹni tí ẹ lè pè. Ó yẹ kó wà níbẹ̀ pé ẹ lè jáwọ́ nígbàkigbà, tí wọn yóò sì ṣì tọ́jú yín. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ẹ kò gbọ́ ọ, kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó máa tẹ̀ka. Ẹ rán àbúrò tàbí ọkọ síwájú láti bèèrè, bí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà kan lọ sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ dókítà, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Láìsí ìwádìí, kò ní í sí oògùn ibà tuntun; láìsí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, kò ní í sí ìwádìí. Aláìsàn tó ń bi yín léèrè kò ṣàfojúdi.

Ìbéèrè kan wà tí a sábà máa ń gbàgbé, ìyẹn ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà. Ṣé wọn yóò dà á nù bí iṣẹ́ bá parí? Ṣé wọn yóò tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín, àbí wọn yóò fi ránṣẹ́ sókè òkun fún ìwádìí mìíràn? Nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí, ojú ewé tó kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, níbi tí èèyàn ti lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ṣí i débẹ̀.