Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ọjọ́ Wo Ni Ọmọ Rẹ Kọ́kọ́ Rìn?

  

Arákùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ wọn ọkùnrin lọ sí ọsibítù nítorí pé ó ti lé ní ọdún méjì ààbọ̀, kò sì tíì sọ̀rọ̀. Dókítà kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ náà. Ìbéèrè ni ó ń bi wọ́n. Oṣù wo ni ó jókòó láìfara ti nǹkan? Oṣù wo ni ó rìn? Ǹjẹ́ ó ti pe "bàbá" tàbí "màmá" rí? Bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ṣé ó máa ń wẹ̀yìn? Ibà líle kan wà tí ó ti ṣe ọmọ náà rí; ṣé ṣáájú ibà yìí ni ó ti ń pe "bàbá" ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ìyá ní ṣáájú ni. Bàbá ní lẹ́yìn ni. Wọ́n wo ojú ara wọn.

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí gan-an ni dókítà ń wá ìdáhùn sí. Ọmọ tí ó ti ń pe nǹkan tí ó wá dákẹ́ lẹ́yìn àìsàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ tí kò pe nǹkan kan rí. Àyẹ̀wò ni ó padà fi hàn pé etí ọmọ náà kò gbọ́ran dáadáa. Láti ìgbà wo? Kò sí ẹni tí ó lè sọ. Bẹ́ẹ̀ ni arákùnrin yìí mọ ọjọ́ tí ó ra ọ̀kadà rẹ̀, ó sì ní ìwé kan tí ó ń kọ ọjọ́ tí ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ sí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ o. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ọkàn máa ń rò pé òun kò lè gbàgbé.

Bí a bá wo ẹ̀sìn wa dáadáa, a ó rí i pé láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ ni ẹ̀sìn ti ń bá wa ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ọjọ́ keje ni akíkà, ọjọ́ náà ni a ń fá irun orí rẹ̀. Ó wà nínú Muwatta ti Imam Malik pé Fatimah, ọmọ Ànábì, wọn irun àwọn ọmọ rẹ̀, Hasan, Husayn, Zaynab àti Umm Kulthum, ó sì fi fàdákà tí ó wúwo tó irun náà ṣe sàárà. Ẹ wo irun ọmọ jòjòló, bí ó ti fúyẹ́ tó, síbẹ̀ a gbé e lé ìwọ̀n.

Suratul-Baqarah, ayah 233, fi yé wa pé ọdún méjì gbáko ni ọmú fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pé. Suratul-Ahqaf, ayah 15, sì pa oyún àti ọmú pọ̀ di oṣù 30. Nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ obìnrin kan tí ó bímọ ní oṣù mẹ́fà wá, Sayyidina Ali (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) yọ oṣù 24 kúrò nínú 30, ó ní mẹ́fà ni ó kù, nítorí náà oyún lè jẹ́ oṣù mẹ́fà. Ìṣirò oṣù lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀mí ìyá àti orúkọ ọmọ ni ó so mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ọmú, ọdún méje ni ó kàn. Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé kí á máa pe ọmọ sí ìrun bí ó bá ti pé méje, kí á bá a wí lórí rẹ̀ bí ó bá pé mẹ́wàá, kí á sì ya ibùsùn àwọn ọmọ sọ́tọ̀. Báwo ni ẹni tí kò mọ oṣù tí a bí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe mọ ìgbà tí ó pé méje? Ọ̀pọ̀ wa ni ó sì gbàgbé pé ọdún òṣùpá ni ẹ̀sìn fi ń ṣírò. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni, ó fi bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún tí ó wà lára kàlẹ́ńdà ògiri. Ọmọ tí ó pé méje lọ́dọ̀ Ọlọ́hun lónìí, yóò ku bí oṣù méjì ààbọ̀ kí ó tó pé méje ní ìṣirò January sí December. Tí ó bá fi máa di ọdún 15, ìyàtọ̀ náà ti lé ní oṣù márùn-ún. Ẹni tí ó bá kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀ ní ọjọ́ ìbí ti bọ́ nínú wàhálà yìí.

Ọdún 15 tí mo dárúkọ kì í ṣe nǹkan kékeré. Abdullah ọmọ Umar jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà ogun Uhud, Ànábì kò sì gbà á láàyè láti jagun. Ní ogun Khandaq, ó ti pé 15, ó sì gbà á. Nígbà tí Umar ọmọ Abdul-Aziz gbọ́ èyí ní ìgbà tí ó jẹ́ khalifah, ó ní ààlà tí ó wà láàrin ọmọdé àti àgbà nìyí. Imam Bukhari tún gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Mahmud ọmọ Rabi pé ó rántí bí Ànábì ṣe fi ẹnu bu omi láti inú korobá, tí ó tú u sí òun lójú nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Eré lásán ni Ànábì bá ọmọdé ṣe. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọjọ́ orí ọmọ náà hàn kedere, àwọn onímọ̀ hadíìsì fi mọ iye ọdún tí ọmọdé lè gbọ́ nǹkan kí ó sì fi ṣe ẹ̀rí.

Ìyá ni ó sì máa ń jẹ́ ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Asma ọmọ Abubakar ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí òun ṣe bí Abdullah ọmọ Zubayr ní Quba, bí òun ṣe gbé e lọ bá Ànábì, tí ó jẹ dàbínù tí ó sì fi sí ọmọ náà lẹ́nu. Bí Asma bá dákẹ́ ni, a kì bá tí mọ̀.

Àwọn kan yóò ní obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Rárá o. Ìjọba pàápàá kàn án. A gbọ́ nínú ìtàn pé Sayyidina Umar ọmọ Khattab ń ṣọ́ ìlú lóru, ó gbọ́ ẹkún ọmọ kan léraléra. Nígbà tí ó bi ìyá rẹ̀, tí kò mọ̀ pé khalifah ni, ó ní òun ń já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò, nítorí pé Umar kì í fún ọmọ ní owó àjẹmọ́nú àyàfi tí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú. Umar sunkún nídìí ìrun àsùbáà ọjọ́ náà. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ tí a bá ti bí ọmọ ni kí wọ́n ti máa ka owó náà fún un. Ọjọ́ tí wọ́n fi sí ìwé ni ó ń pa ọmọ lẹ́kún, ọjọ́ mìíràn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ó gbà á là.

Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní náà kò jìnnà sí èyí, ilẹ̀ wa sì ni apá pàtàkì kan nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ní ọdún 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí, ó ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè padà ń lò. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé Morley kò tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù. Ìyá ni ó gbé e lé lọ́wọ́, nínú àpò ọ̀rá, kí ó máa gbé e relé, nítorí pé ìyá ni ó ni ọmọ.

Bí a ṣe ń ka káàdì náà kò le. Oṣù ọmọ ni ó wà ní ìsàlẹ̀, kílò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi àmì sí ibi tí méjèèjì ti pàdé lóṣooṣù, ẹ fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Ìlà tí ó ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Ìlà tí ó tẹ́ gbalaja, ẹ fura. Ìlà tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Ọmọ jòjòló máa ń fọn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí ó ti gba ara rẹ̀ padà nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí a bí ní kílò 3 yóò tó nǹkan bíi 6 ní oṣù márùn-ún, yóò sì súnmọ́ 9 nígbà tí ó bá pé ọdún kan. Ojú tí ń wo ọmọ lójoojúmọ́ kì í rí i bí ó bá ń rù. Ìlà máa ń rí i.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì, ẹ ra ìwé kékeré kan. Àwọn tọkọtaya tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè ti ra ọ̀kan fún àbúrò ọmọ náà. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan: ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀, ọjọ́ tí ọrùn rẹ̀ le, ọjọ́ tí ó wẹ̀yìn nígbà tí ìkòkò já lulẹ̀, eyín àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ibà tí ó ṣe é àti oògùn tí wọ́n fún un, ọjọ́ tí ó dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀ tí ó sì forí kanlẹ̀ bí ẹni ń kírun. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni bàbá kọ fúnra rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí.

Ẹ má wá sọ ìwé náà di ìje. Àjọ ìlera àgbáyé kéde ìwádìí kan ní ọdún 2006, lórí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ghana tí ó wà nítòsí wa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n rí i pé ọmọ tí ara rẹ̀ le lè jókòó fúnra rẹ̀ láàrin bí oṣù 4 sí 9, ó sì lè dá rìn láàrin oṣù 8 sí bíi 18. Àwọn kan kò tilẹ̀ rá kòrò rárá. Nítorí náà, ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ rìn ní oṣù mẹ́sàn-án kò ní ohun tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ orogún rẹ̀ tí ọmọ tirẹ̀ rìn ní mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì rìn ní oṣù 18, tàbí èyí tí ó ti mọ nǹkan kan ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe é mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ sì mú ìwé náà dání.

Àwọn àgbà kan yóò ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Òótọ́ ni, iye ọmọ ni wọ́n ń sọ, a kò ní kí ẹnikẹ́ni ka ti ẹlòmíràn. Ojú burúkú náà kì í ṣe irọ́. Ànábì Yaqub kọ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé, ó sì tún fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ìwé tí ó wà nínú àpótí kò ṣe ìpolówó fún ẹnikẹ́ni. Àwòrán ọmọ tí a ń gbé sórí fóònù kí gbogbo ayé lè rí i ni kí á bi ara wa léèrè nípa rẹ̀. Bí olè bá sì jí fóònù náà, ìrántí ọdún mẹ́ta ti bá a lọ.

Ẹ fi káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú ìwé kan náà. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, oṣù 9 àti oṣù 15 ni ẹ máa fi sọ́kàn jù. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí pẹ̀lú. Òfin ọdún 1992 ni ó sọ ọ́ di dandan.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ní aya tàbí ọkọ, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ni kò mọ̀wé, àbúrò yín sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin ni akọ̀wé ilé. Lálẹ́ òní, ẹ jókòó ti ìyá yín, ẹ bi í ní ọjọ́ tí ẹ̀yin gan-an kọ́kọ́ rìn. Bí ó bá ní ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí á ṣe Iléyá ni, ẹ wá ọjọ́ tí 10 Dhul-Hijjah bọ́ sí ní ọdún náà, ẹ ka ọjọ́ méje sẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn.