Àsìkò Tí Ó Yẹ Kí A Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wo Erin Ní Yankari

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti pẹ́ ní Bauchi, Jos àti Gombe, tí àwọn ọmọ wa sì ń gbọ́ orúkọ erin nínú oríkì láì fojú kàn án rí. Bẹ́ẹ̀ ni Yankari, tí agbo erin tí ó pọ̀ jù ní Nàìjíríà ń gbé, kò ju nǹkan bíi 110 kìlómítà lọ sí ìlú Bauchi.

Ọdún 1956 ni ìjọba sọ ọ́ di igbó ọba fún ẹranko. Ní 1962 ni wọ́n ṣí i fún àlejò. Ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ó sì padà sí ọwọ́ Ìpínlẹ̀ Bauchi ní 2006.

Àwọn kan lọ, wọ́n ná owó, wọ́n sì padà láì rí ju ọ̀bọ lọ. Kì í ṣe pé ẹranko kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ni. Nígbà òjò, koríko ga ju ènìyàn lọ, omi sì wà káàkiri inú igbó, nítorí náà kò sí ohun tí yóò mú erin wá sí gbangba. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn kòtò omi gbẹ, tí koríko sì jó tán, odò Gaji ni gbogbo wọn ń wá: erin, ẹfọ̀n, ìmàdò, àgbọ̀nrín. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹrin ni kí ẹ lọ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń fi ìrìn-àjò báyìí sí ọjọ́ ọdún. Ẹ wo kàlẹ́ńdà dáadáa, nítorí oṣù ojú ọ̀run ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Ní 2025, ìparí oṣù kẹta ni Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí, ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà. Iléyá bọ́ sí oṣù kẹfà, òjò ti dé.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún erin ni wọ́n ń sọ pé ó kù níbẹ̀. Àwọn tí ń wá eyín erin ni ó pa ìyókù. Láti 2014 ni ẹgbẹ́ Wildlife Conservation Society ti ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣọ́ ọgbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé eyín erin wá tà fún yín, ẹ má rà á, ì báà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀gbà ọwọ́.

Ẹ kírun Àsùbáà kí ẹ tó wọ mọ́tò àwọn ẹ̀ṣọ́, nítorí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ẹranko ń jáde. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ láì gba àṣẹ, ẹ má sì pariwo. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ nínú ìsun omi Wikki. Omi náà mọ́ gaara, 31°C ni ooru rẹ̀ tọ̀sán-tòru, àní nínú ọyẹ́ pàápàá. Ẹ di oúnjẹ yín mọ́wọ́ o, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kò mọ ojú àlejò!

Ní ti kìnnìún, ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ má ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn ọmọ.