Àjọkẹ́, Má Kọ Gbogbo Rẹ̀

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ètò ìwé tí o fi rán Ọládélé sí mi ti dé ọwọ́ mi, mo sì ti fara balẹ̀ kà á.

O ní kí n dá sí àríyànjiyàn àwọn ọmọ rẹ. Fẹ́mi ní kí o kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ látòkèdélẹ̀, láti ọjọ́ ìkómọ títí di òní, nítorí ọjọ́ ìbí ọdún 70 kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Bùnmi ní apá kan ṣoṣo ni kí o mú, kí o fi ṣe ìwé ìrántí, nítorí kò sí ẹni tí yóò ka gbogbo rẹ̀. Ẹnu Bùnmi mú jù, ṣùgbọ́n òun ni mo gbè lẹ́yìn. Kọ ìwé ìrántí. Kọ ọ́ lórí àwọn ọdún tí o fi ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé girama tuntun ní abúlé yẹn, láti 1980 títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní ìparí 1983, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀.

Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi, kí o má baà rò pé mo fojú tín-ín-rín ayé rẹ.

Ìwé ọjọ́ ìbí kún pẹpẹ mi, Àjọkẹ́. Wọ́n ń fún wa níbi ayẹyẹ pẹ̀lú ìrẹsì àti ike ìbomi. Fọ́tò gómìnà á wà níwájú, ọ̀rọ̀ ìṣáájú ti bíṣọ́ọ̀bù á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni a óò wá gbọ́ pé a bí olóyè sínú ìdílé ọlọ́lá. Mo mọ àwọn tó kọ wọ́n, mo sì fẹ́ràn púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, n kì í kà wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti wọ yunifásítì. Kì í ṣe pé wọn kò gbé ayé tó nítumọ̀. Ohun gbogbo ni wọ́n kó sínú ìwé, wọ́n sì fún ohun gbogbo ní àyè kan náà. Bí ètò tìrẹ náà ṣe rí nìyẹn. Orí mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, abúlé yẹn kò sì ní ju ìdajì orí kan lọ. Ìrìnàjò rẹ sí Jerúsálẹ́mù ní odindi orí kan. Kí ni o rí ní Jerúsálẹ́mù tí ẹlòmíràn kò rí?

Má ṣì mí gbọ́ o. Ìtàn ìgbésí ayé látòkèdélẹ̀ ní ẹni tó yẹ. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé tirẹ̀ jáde ní 1960, ó ti ṣe Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn láti 1954 sí 1959, ó sì ti lọ ṣe olórí alátakò nílé aṣòfin ní Èkó. Àwọn òbí tó rán ọmọ wọn lọ sílé-ìwé ọ̀fẹ́ ní January 1955 ní ẹ̀tọ́ láti bi í pé, ta ni ọ́ gan-an, níbo ni o ti kọ́ irú ọgbọ́n yìí? Nítorí náà, ikú bàbá rẹ̀ ní 1920, nígbà tó ṣì kéré, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé wọn nìkan mọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ tó ṣe, iṣẹ́ títẹ̀wé lọ́fíìsì, òwò kòkó, òwò ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo rẹ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè kan náà: báwo ni ọmọ tí kò rí owó ilé-ìwé san ṣe di ẹni tó sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́? Gbèsè ni ó ń san fún gbogbo ìlú.

Wá wo ohun tí òun náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1963 títí Gowon fi tú u sílẹ̀ ní 1966, kò tún padà sí Ìkẹ́nnẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n náà ló fi ṣe ìwé tó jáde ní 1985.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé Awólọ́wọ̀ kọ́ nìwọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó kàn mí jù kò sí lórí ọ̀rọ̀ òkìkí. Ó wà ní orí kẹsàn-án ètò rẹ. O sọ̀rọ̀ abúlé títí dé 1983, o fò fẹ̀rẹ̀, o sì balẹ̀ sórí ìgbéyàwó rẹ ti 1991. Bàbá Fẹ́mi kò sí níbẹ̀ rárá, bí ẹni pé a kò ṣe ìdána kankan rí, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo jókòó ṣe alága lọ́jọ́ yẹn.

Mo mọ ìdí tí o fi fò ó. Gbogbo ilé ló mọ̀. N kò sọ pé kí o tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá kọ sára ìwé pé ìtàn ayé òun rèé, ó ti ṣèlérí. Ọdún méje tó bá sọnù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, irọ́ ni wọ́n, bí o kò tilẹ̀ pa irọ́ kankan lẹ́nu. Fẹ́mi tó ń pariwo pé kí o kọ gbogbo rẹ̀, ṣé o rò pé kò ní ṣí ìwé náà wá bàbá rẹ̀? Òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ wá a. Ohun méjì péré ló sì kù fún ọ: kí o kọ ohun tí o kò fẹ́ kí ó kà, tàbí kí o jẹ́ kí ó rí àlàfo.

Ìwé ìrántí ló yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, láìsí ẹ̀tàn. Ó dà bí ọgbà tí èèyàn fi igi yí ká. Bí o bá sọ lójú ìwé kìíní pé láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí, ní ilé-ìwé báyìí, ni mo fẹ́ sọ, ohun tó wà lẹ́yìn ọgbà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Wo Wọlé Ṣóyínká. Ó ti lé ní ẹni ọdún 45 nígbà tí *Aké*, ìwé ìgbà èwe rẹ̀, jáde ní 1981, ó ti ṣe ẹ̀wọ̀n, ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìwé náà parí síbi tí ọmọdé náà ti ń múra àtilọ sí ilé-ìwé girama ti ìjọba ní Ìbàdàn. Ta ni yóò bèèrè ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ́wọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nínú àtìmọ́lé nígbà ogun abẹ́lé ti ní ìwé tirẹ̀ láti 1972. Nígbà tó tún fẹ́ sọ ti Ìbàdàn àti pẹnkẹlẹ́mẹ́ẹ̀sì, ìyẹn rúdurùdu, ìṣèlú ibẹ̀ ní 1994, ó tẹ ọdún rẹ̀ sára ìwé: 1946 sí 1965. Ẹni tó bá rà á mọ ibi tí ọgbà pin sí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èkejì, nítorí èyí ni yóò dùn ọ́. Ohun tó bá wà nínú ọgbà, o kò gbọdọ̀ fò ó.

O ti sọ fún mi rí nípa ọmọbìnrin tí wọ́n lé nílé-ìwé nítorí oyún. Ìpàdé àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti dá a lẹ́jọ́, ìwọ náà sì jókòó níbẹ̀. O ní o kò sọ̀rọ̀. O ní olùkọ́ tuntun ni ọ́, o kò tíì rí owó oṣù gbà, ọ̀gá sì ti kìlọ̀. Ọmọ náà ló mọ ìṣirò jù ní kíláàsì. Nínú ètò rẹ, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bùn tí àwọn òbí kó fún ọ nígbà tí ò ń lọ wà níbẹ̀, títí dórí àkùkọ. Àjọkẹ́, àkùkọ kò lè gbé ìwé. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí o kọ nípa abúlé yẹn ni pé gbogbo ohun tí a sọ nípa ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN bẹ̀rẹ̀ ní October 1979, ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bẹndẹ́ẹ̀lì, ẹnu àwọn olóṣèlú la ti ń gbọ́ ọ. Àwọn kan ń yin àwọn gómìnà bíi Jákáńdè, Bọ́lá Ìgè, Ajáṣin àti Ọnàbánjọ, àwọn kan ń bú wọn. Ta ni yóò sọ bí ó ṣe rí fún olùkọ́ tí wọ́n kó ọmọ bí ọgọ́rin fún nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, tí pátákó ìkọ̀wé kan ṣoṣo sì ń pín kíláàsì méjì níyà? Ta ni yóò sọ ti ọmọ àgbẹ̀ tó dé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún láti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní, nítorí ìgbà yẹn ni owó kúrò ní ìdènà? Àti ti olùkọ́ ará Gánà tí ẹ jọ ń gbé, nígbà tí àṣẹ dé ní January 1983 pé kí àwọn àlejò máa lọ? Ìwọ rí i. Bí ọmọbìnrin aboyún náà ṣe jáde nínú ẹ̀kọ́ tí a ní ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ, ibẹ̀ ni ìwé rẹ ti ní egungun.

Má bẹ̀rù pé ó kéré jù. Ní 1837, Samuel Àjàyí Crowther, tó jẹ́ olùkọ́ ní Sàró nígbà yẹn, kọ lẹ́tà sí àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ó sọ bí wọ́n ṣe fi òun dípò ẹṣin, bí wọ́n ṣe tún fi òun ra tábà àti ọtí, títí ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbà wọ́n lójú òkun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá lórí Bíbélì Yorùbá. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, lẹ́tà olùkọ́ kékeré yẹn ni àwọn òpìtàn ṣì máa ń ṣí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí kí ogun ká ọmọdé mọ́lé.

Orúkọ àwọn tó ṣì wà láyé wá ńkọ́? Ọ̀gá ilé-ìwé tó ta páànù ìjọba, mo gbọ́ pé ó wà láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ èèyàn pàtàkì. Má dárúkọ rẹ̀, má dárúkọ abúlé. Lo àpèlé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fún un, ó bá a mu ju orúkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí Ọbásanjọ́ fẹ́ gbé ìwé rẹ̀ onípele mẹ́ta jáde ní 2014, ilé ẹjọ́ kan ní Àbújá pàṣẹ pé kó dá a dúró. Ó gbé e jáde. Ẹni tó ti ṣe ààrẹ ni, ó ní lọ́yà. Ìwọ, owó ìfẹ̀yìntì ni o ní, a sì mọ bí ìyẹn ṣe ń rìn.

Má gbẹ́kẹ̀ lé orí nìkan. Wá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ, wá fọ́tò. Pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ àtijọ́, kí o gba ohùn wọn sínú fóònù, kí o má dá wọn lẹ́nu bí wọ́n bá rántí ohun tó yàtọ̀ sí tìrẹ. Kọ tìrẹ, kọ tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá rú ọ lójú, ìwé ìròyìn *Tribune* àti *Sketch* ìgbà náà yóò là á fún ọ. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ ní 1981, má ṣe bí ẹni pé o ní téèpù rẹ̀.

Èdè wo? Yorùbá. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ tó wà ní Manchester kò kà á dáadáa. Kí wọ́n bẹ Bùnmi kó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. *Aké* gan-an, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló tún un kọ lédè wa. Ìwọ tí èdè náà wà lẹ́nu rẹ, kí ni o ń dúró de ẹnikẹ́ni fún? Àwọn ọmọ abúlé yẹn kò bá ọ sọ Gẹ̀ẹ́sì lójú oko.

Ohun tí Fẹ́mi ń bèèrè, fún un lọ́tọ̀. Ra ìwé ńlá onílà, kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́: àwọn bàbá ńlá wa, oríkì, ọjọ́ ìbí, ibi tí ilẹ̀ wà àti ẹni tó mọ ààlà rẹ̀, bàbá tirẹ̀ náà, àti bí ó ṣe jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ti ọjà. Ẹ̀dà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó tán. O lè sọ òtítọ́ níbẹ̀ ju ti inú ìwé tí bíṣọ́ọ̀bù máa kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí lọ.

Ní ti ayẹyẹ, má fi ọjọ́ ìbí de ìwé mọ́lẹ̀. Kí wọ́n jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ ìbí. Ìwé lè jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tó bá jinná. Òǹtẹ̀wé tó ní òun lè tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ń wá owó àsìkò ọdún ni.

Orí ti ọmọbìnrin aboyún yẹn ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí o tó kọ èyíkéyìí mìíràn. Tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, ojú mi kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, kí o sì fi rán Ọládélé. Má fi sórí WhatsApp, mo máa ń sùn lórí rẹ̀.

Kí ọkọ rẹ fún mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ ní Ìbàdàn